Ẹ̀ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà Kọ̀ǹpútà Ilé Wa

Nígbà tí Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀ de àjọ̀dún yìí, wọ́n pín iṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Kíkó àwọn àwòrán àtijọ́ jọ ni ó kan sẹ́ẹ̀tì tiwa. Nítorí pé àwa tọkọtaya jọ jáde nínú sẹ́ẹ̀tì kan náà, tí a sì ní kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán orí bébà wọ inú rẹ̀, ilé wa ni iṣẹ́ náà fìdí kalẹ̀ sí. Àwọn kan fi àwòrán ránṣẹ́ láti London lórí WhatsApp. Àwọn kan fi ìméèlì ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́. Àwọn àgbà wa tí wọn kò fẹ́ wàhálà ẹ̀rọ fi fílásì lé ọmọ lọ́wọ́ pé kí ó gbé e wá. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, àwòrán tí ó wà níkàáwọ́ wa ti lé ní 400: ẹgbẹ́ akọrin nínú aṣọ funfun, ọjọ́ eré ìdárayá, àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa, àti àwọn ọmọ kíláàsì wa tí a kò ní fi ojú rí mọ́ láyé. Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí ni kò ní ẹ̀dà kejì níbikíbi.

Ènìyàn márùn-ún ni ó ń lo kọ̀ǹpútà tí a kó wọn sí. Àwa méjèèjì ń lò ó, ọmọkùnrin wa tí ó wà ní SS 2 ń lò ó, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó wà ní JSS 1 ń lò ó, Màmá pẹ̀lú sì máa ń jókòó síwájú rẹ̀ ní ọ̀sán Sunday láti bá àwọn ọmọ wọn tí ó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ lójúkojú. Bí ẹrù ẹlẹ́rù bá wà nínú ilé tí ènìyàn márùn-ún ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀, ó yẹ kí onílé mọ irú ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin òbí ọ̀wọ́n sọ̀rọ̀ lórí áńtífáírọ́ọ̀sì, èyí tí í ṣe ẹ̀ṣọ́ kọ̀ǹpútà, àti lórí bí a ti ṣe ìṣètò rẹ̀ nínú ilé wa.

Fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kì í ṣe àrùn tí afẹ́fẹ́ gbé wá. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni. Ẹnì kan ni ó jókòó tí ó kọ ọ́, kí ó lè máa ti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sínú òmíràn láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ẹ̀rọ fún un láṣẹ. Ní ọdún 1986, èyí tí wọ́n ń pè ní Brain jáde láti ìlú Lahore ní Pakistan, níbi tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ti kọ ọ́. Inú dísìkì pẹlẹbẹ ayé ìgbà náà ni ó ń bá rìn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, ILOVEYOU gba inú ìméèlì jáde láti Philippines, ó díbọ́n bí ìwé ìfẹ́, ó sì rin gbogbo ayé já láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, WannaCry bẹ̀rẹ̀ sí í ti fáìlì àwọn ènìyàn pa ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 150, ó sì ń béèrè owó kí ó tó ṣí wọn. Ohun tí ó dùn wá jù nínú ìtàn ti WannaCry ni pé oṣù kẹta ọdún náà ni Microsoft ti pín àtúnṣe tí yóò dí ihò tí ó gbà wọlé. Àwọn tí wọ́n ti gba àtúnṣe náà sórí ẹ̀rọ wọn kò rí ìjà rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀.

Púpọ̀ nínú wa gbà pé bí áńtífáírọ́ọ̀sì bá ti wà lórí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tí ó bá ka ìtàn Nehemáyà yóò rántí pé ọjọ́ 52 ni wọ́n fi mọ odi Jerúsálẹ́mù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Ó yan àwọn adènà, ó sì sọ àkókò tí wọ́n gbọdọ̀ ṣí ẹnubodè àti bí wọn yóò ṣe tì í fún wọn. Àṣẹ tí a pa fún ẹ̀ṣọ́ ni ó ń sọ bóyá ẹ̀ṣọ́ ni lóòótọ́ tàbí ère. Ìṣètò áńtífáírọ́ọ̀sì ni àṣẹ náà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀tì wa ni ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí, àdánù tirẹ̀ sì ni ó fi kọ́ wa. Òun ni ẹni tí ó máa ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn kiri ọgbà nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ikán ti jẹ àwọn àlùbọ́ọ̀mù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kọ́kọ́ gbé gbogbo àwòrán inú wọn sórí kọ̀ǹpútà. Ó fi mọ́kànlá ránṣẹ́ sí wa kí a fi wò ó, ó sì ṣèlérí pé ìyókù ń bọ̀. Kí ó tó fi wọ́n ránṣẹ́, ó gbé ẹ̀rọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan kí wọ́n bá a fi ètò tí a fi ń tẹ ìwé sórí rẹ̀. Ayédèrú ni ètò tí wọ́n fi síbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kọ̀ǹpútà náà kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà wọ inú ìṣètò, ó sì pàṣẹ fún ẹ̀ṣọ́ pé kò gbọdọ̀ yẹ ohunkóhun wò mọ́ nínú gbogbo dráìfù C, níbi tí àwòrán wà. Kò sọ fún ẹni tí ó ni ẹ̀rọ.

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rẹ́ wa bá ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, àmì aláwọ̀ ewé ni ó ń rí lára ẹ̀ṣọ́, tí ó ń sọ fún un pé àlàáfíà ni. Ẹ̀ṣọ́ kò purọ́. Wọ́n ti ní kí ó má wo ibẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ṣí fódà àwọn àwòrán náà, kò sì sí èyí tí ó ṣí mọ́. Ìwé kan ni ó bá níbẹ̀ tí ó ń béèrè owó ìdásílẹ̀. Kò san án, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé olè yóò mú ìlérí ṣẹ. Ẹlòmíràn tí ó bá a yẹ ẹ̀rọ wò lẹ́yìn náà ni ó fi àṣẹ inú ìṣètò hàn án. Títí di òní, mọ́kànlá péré ni a rí gbà nínú iṣẹ́ kámẹ́rà rẹ̀. Ẹ óò rí wọn nínú ìwé ìròyìn yìí.

Ní alẹ́ Saturday tí ó tẹ̀lé ọjọ́ tí a gbọ́ ìròyìn náà, gbogbo ilé jókòó yí kọ̀ǹpútà wa ká. Windows ni ó wà lórí rẹ̀, Microsoft Defender sì ni ẹ̀ṣọ́ tí ó bá a wá láìgba owó lọ́tọ̀. A wọ inú “Windows Security”, a tẹ “Virus & threat protection”, a sì wá ibi tí a kọ “Manage settings” sí. A kà á ní ìlà-ìlà, bí ìgbà tí ènìyàn ń ka ìwé àdéhùn kí ó tó fọwọ́ sí i.

“Real-time protection” ni ó ṣáájú. Èyí ni ojú ẹ̀ṣọ́ tí kì í sùn: bí fáìlì kan bá ti fẹ́ ṣí, ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. A rí i pé ó wà ní títàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni “Cloud-delivered protection”, èyí tí ń jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa àjèjì tí kò tíì mọ̀. Ó ń jẹ dátà díẹ̀, ṣùgbọ́n a fi í sílẹ̀ ní títàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ibi ni kò tíì pé ọjọ́ kan láyé nígbà tí ó bá kan ilẹ̀kùn ẹni. “Tamper Protection” ni ẹ̀kẹta: kì í jẹ́ kí ètò mìíràn yọ́ wọlé wá pa ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí a dé “Exclusions”, gbogbo wa sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni a ti ń kọ orúkọ àwọn ibi tí ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ wò, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ba ti ọ̀rẹ́ wa jẹ́. A bá a ní òfìfo. A sì pinnu pé òfìfo ni yóò máa jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ẹ̀rọ fún ẹlòmíràn tún ṣe rí, àwa ń bẹ̀ yín, ẹ wo ibẹ̀ lónìí kí ẹ tó sùn. Bí ẹ bá rí orúkọ fódà kan tí ẹ kò mọ bí ó ṣe débẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tẹ “Remove”.

Ohun mìíràn wà tí Microsoft kì í tàn fún ni, tí onílé ni yóò tàn án fúnra rẹ̀. “Controlled folder access” ni wọ́n ń pè é, abẹ́ “Ransomware protection” ni ó wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ètò tí a kò mọ̀ kò lè yí ohun tí ó wà nínú àwọn fódà pàtàkì padà. Ó ń ṣọ́ Documents àti Pictures láìjẹ́ pé a sọ fún un. Àwa fi fódà àwòrán sẹ́ẹ̀tì wa kún un. Ní ọjọ́ kejì, ó dá ètò ẹ̀rọ agbáwòrán wa dúró pé òun kò mọ̀ ọ́n. A kò torí ìyẹn pa á. A lọ sí ibi tí a kọ “Allow an app through Controlled folder access” sí, a sì fún ètò kan ṣoṣo náà láṣẹ. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí a fi àlejò kan tí a mọ̀ han ẹ̀ṣọ́ àti kí a ní kí ẹ̀ṣọ́ di ojú.

A tún ro ọ̀rọ̀ iná mọ́ ọn. Aago méjì òru ni Windows sábà máa ń fẹ́ ṣe àwọn iṣẹ́ àbójútó rẹ̀, àyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì wà lára wọn. Ní aago méjì òru, ní àdúgbò tiwa, kọ̀ǹpútà ti sùn, iná ìjọba pẹ̀lú ti sùn. Nítorí náà a yí àkókò àyẹ̀wò sí aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Saturday nínú “Task Scheduler”, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ sábà máa ń wà ní títàn. Ẹni tí ó bá sì ti sọ fún Windows pé dátà òun ní ìwọ̀n, kí ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àtúnṣe ni kì yóò dá wọlé. Ó yẹ kí onítọ̀hún máa lọ sí “Protection updates” fúnra rẹ̀, kí ó tẹ “Check for updates”. Ẹ̀ṣọ́ tí kò gbọ́ ìròyìn olè tuntun, olè àná nìkan ni yóò mú.

Ìgbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ni ọ̀rọ̀ di ti inú ilé. Ọmọkùnrin wa gba géèmù kan wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìlànà tí ó bá géèmù náà wá sọ pé kí ó pa áńtífáírọ́ọ̀sì, tàbí kí ó fi fódà géèmù sínú “Exclusions”. Ó tọ̀ wá wá, ó sì rò ẹjọ́ rẹ̀ dáadáa.

“Dádì, Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ̀ṣọ́ yìí máa ń ṣi ènìyàn mú. Gbogbo ẹni tó ń ṣe géèmù ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Òótọ́ ni ó sọ. Ẹ̀ṣọ́ lè pe aláìṣẹ̀ ní olè. A sọ fún un pé òótọ́ ni. Màmá tí wọ́n jókòó nítòsí ni ó dá sí i: “Ọmọ mi, àlejò tó bá ní kí wọ́n so ajá mọ́lẹ̀ kóun tó wọlé, ṣé ajá ló ń bà á lẹ́rù ni, àbí ohun tó gbé sápò?” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò pẹ́ tí ó fi yí padà. Ó ní, “Ẹ ò kàn fọkàn tán mi ni.”

Gbólóhùn yìí wọ̀ wá lára. Òbí tí ó bá mọ òfin nìkan yóò pàdánù ọmọ, èyí tí ó bá sì mọ ojú àánú nìkan yóò pàdánù ilé. A jókòó tì í, a sì ṣàlàyé pé kì í ṣe òun nìkan ni a ó gba àṣẹ alákòóso lọ́wọ́ rẹ̀. Àkáǹtì oríṣi méjì ni ó wà lórí Windows: ti alákòóso, tí ó lè yí ohun gbogbo padà, àti ti olùlò lásán, tí ó lè ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò lè fọwọ́ kan àṣẹ ẹ̀ṣọ́. Láti òní lọ, ti olùlò lásán ni bàbá ilé pàápàá yóò máa lò lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ilé. Páásíwọ́ọ̀dù alákòóso wà nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, inú àpótí ìwé Màmá ni ó sì wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó yóò sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe létí gbogbo ilé. Bí ẹ̀ṣọ́ bá mú ohun kan tí a rò pé aláìṣẹ̀ ni, a kò ní tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. A ó fi í sílẹ̀ nínú “Quarantine”, níbi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, a ó sì wo ẹni tí ó ṣe é àti ibi tí a ti rí i. Nígbà tí ọmọ wa wo ibi tí géèmù náà ti wá, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pa á rẹ́.

A kò fi mọ síbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òun mọ ojú kọ̀ǹpútà jù wá lọ, nítorí náà a fi í ṣe olórí ẹ̀ṣọ́ iṣẹ́ àwòrán: kò sí fílásì tí a ó ṣí àfi èyí tí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni láti dán ẹ̀ṣọ́ wò. Fáìlì kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ṣe fún ìdánwò, EICAR ni wọ́n ń pè é. Ẹyọ àmì 68 péré ni ó wà nínú rẹ̀, kò lè pa ohunkóhun lára, ṣùgbọ́n gbogbo áńtífáírọ́ọ̀sì tí ó jí pépé ni ó yẹ kí ó mú un. Ó pè wá kí a wá wò ó. Kí ó tó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, Defender ti ké gbàjarè.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àgbàlagbà kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀tì tí ó ṣáájú wa rán fílásì sí wa. Wọ́n ti lo fílásì náà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà láti fi tẹ ìwé. Ọmọ wa kò ṣí i. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ rẹ̀, ó sì mú “Scan with Microsoft Defender”. Ẹ̀ṣọ́ mú fáírọ́ọ̀sì kan nínú rẹ̀, irú èyí tí ń fi fódà pamọ́, tí ó sì ń fi àmì ọ̀nà àbùjá rọ́pò wọn, kí ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lè tú u sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ mú un kúrò, fílásì náà dà bí òfìfo. Bàbá náà gbọ́ lórí fóònù, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀, nítorí pé wọ́n gbà pé ohun gbogbo ti lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ti kà nípa rẹ̀ pé pípamọ́ ni irú fáírọ́ọ̀sì yìí ń fi fáìlì pamọ́, kì í pa wọ́n rẹ́. Ó lo àṣẹ tí a ń pè ní “attrib” láti yọ ìbòjú kúrò lára wọn. Àwòrán 37 jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni ti ọjọ́ tí wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìsìn wa lélẹ̀. Ọmọ náà wò ó títí, ó sì béèrè lọ́wọ́ wa pé ta ni ọmọdékùnrin tí ó gbé garawa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A pe bàbá náà padà. Wọ́n ní, “Èmi nìyẹn.”

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ẹ̀ṣọ́ kò lè ṣe pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀rọ̀ dídùn gba páásíwọ́ọ̀dù báǹkì lọ́wọ́ yín lórí fóònù, kò sí áńtífáírọ́ọ̀sì tí yóò gbà á padà. Ìwé tí ó bá díbọ́n pé láti ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni òun ti wá, tí ó ní kí ẹ san owó sí àkáǹtì tuntun, ojú yín ni ẹ óò fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì ṣe fi ẹ̀ṣọ́ méjì sí ẹnu ọ̀nà kan pé kí ààbò lè pọ̀ sí i. Wọn yóò máa dí ara wọn lọ́wọ́, ẹ̀rọ yóò sì máa wọ́. Bákan náà, Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tí ó ṣì ń lò ó láìgba àfikún àtìlẹ́yìn, ó ní ẹ̀ṣọ́ lórí ògiri tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́ mọ́.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ní ẹ̀dà kejì. Àwòrán sẹ́ẹ̀tì wa wà lórí kọ̀ǹpútà, ó wà lórí dráìfù kan tí a máa ń yọ lára ẹ̀rọ tí a sì ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀dà kẹta sì ti wà ní ibi ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́. Olè tí ó wọ iyàrá kan kò lè kó ohun tí ó wà ní iyàrá mìíràn.

Iṣẹ́ àwòrán kò tíì parí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní àlùbọ́ọ̀mù nílé, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa kí ikán tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ má tijú fílásì àtijọ́. Olórí ẹ̀ṣọ́ wa yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó sì ti wù kí ó rí, a ó dá a padà fún yín ní mímọ́. Kí Ọlọ́run pa ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ́, kí ó sì pa àwa náà mọ́ láti tún pàdé ní àjọ̀dún tí ń bọ̀.